Àbúrò Mi, Má Fi Oṣù IT Rẹ Ṣòfò

Àbúrò mi, sún mọ́ mi díẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá ọ sọ. Mo gbọ́ pé lẹ́tà tí ẹ ó fi wá ibi IT, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ níbi iṣẹ́, máa tó jáde, mo sì ti ń gbọ́ ìbéèrè tí ẹ̀yin ọmọ iléèwé ń bi ara yín ní Ìkẹ́rẹ́ níbí: “Ibo ni wọn kì í ti í yọni lẹ́nu? Ta ló máa bá wa fọwọ́ sí i?” Ó ń dùn mí bí mo bá gbọ́ ọ. Ohun tí mo fẹ́ kí o máa bèèrè ni pé: “Ibo ni iṣẹ́ wà, tí wọ́n á jẹ́ kí n fọwọ́ ara mi ṣe é?”

Wọn kò dá IT sílẹ̀ láti fìyà jẹ yín. Ọdún 1973 ni ITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ìkọ́ṣẹ́, gbé ètò SIWES tí IT wà lábẹ́ rẹ̀ kalẹ̀, nítorí wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ ọmọ ń jáde nílé ẹ̀kọ́ gíga tí orí wọn kún fún ìwé, tí ọwọ́ wọn ò sì tíì mọ iṣẹ́. Oṣù 6 ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọmọ yunifásítì, oṣù 4 fún ọmọ pólì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́. Àwọn ẹlòmíì náà ń ṣe é: láti 1906 ni Yunifásítì Cincinnati ní Amẹ́ríkà ti ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ lọ sílé iṣẹ́, ní Jámánì sì rèé, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ máa ń wà níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ mélòó kan láàárín ọ̀sẹ̀, á sì fi ìyókù jókòó sí kíláàsì. Torí náà, gba ìmọ̀ràn ẹ̀gbọ́n rẹ.

Ibi tí iṣẹ́ wà ni kí o lọ

Má jẹ́ kí ọ́fíìsì tó ní ẹ̀rọ amúlétutù tàn ọ́. Bó bá jẹ́ pé bísíkíìtì ni wọ́n á máa rán ọ láti àárọ̀ dalẹ́, kí lo fẹ́ mú bọ̀ níbẹ̀? Kọ́kọ́ lọ wo ibẹ̀ fún wákàtí kan. Wo ohun tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ń ṣe. Bí gbogbo wọn bá ń tẹ fóònù, yáa wá ibòmíì.

Ká ní báyọ́lọ́jì, ìmọ̀ oúnjẹ tàbí iṣẹ́ àgbẹ̀ lò ń kọ́. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí, ní Ìsẹ̀ tàbí ní Èmùré, ẹ̀kọ́ pọ̀ níbẹ̀ ju bó o ṣe rò lọ. Wọ́n á bẹ ẹ̀gẹ́, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á dì í sápò, wọ́n á fi jáàkì tẹ̀ ẹ́ kí omi rẹ̀ ro dànù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á sẹ́ ẹ, tí wọ́n á dà á sínú agbada. Ìwé ti kọ́ ọ pé oró wà nínú ẹ̀gẹ́, pé bó bá ṣe ń kan tó sì ń rí iná ni oró náà ń dín kù. Ìyá tó jókòó ti agbada mọ ọjọ́ tó yẹ kó tú àpò, bó bá sì bu díẹ̀ sọ́wọ́, ó mọ̀ bóyá ó ti gbẹ. Ohun tí ìwọ mọ ìdí rẹ̀ ni òun mọ̀ ọ́n ṣe. Bí ẹ bá pàdé, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jèrè.

Má kàn dúró wòran o. Wọn ẹ̀gẹ́ kó tó wọ ẹ̀rọ, kí o sì wọn gàrí tó jáde. Kọ owó igi ìdáná sílẹ̀, owó ẹ̀rọ, owó alágbàṣe, owó ọkọ̀. Ṣírò iye tí kóńgò kan ná ẹni tó ṣe é kí o tó bèèrè iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà. Ọmọ tó bá lè ṣe ìṣirò yìí, ó ti mọ okòwò.

Bó bá jẹ́ TP, ìyẹn ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, lò ń lọ, má ṣe du iléèwé tí ọmọ TP ti kún. Iléèwé tí olùkọ́ ò tó, ibẹ̀ ni wọ́n á ti fún ọ ní kíláàsì tìrẹ, tí wàá sì mọ̀ bóyá o lè mú ogójì ọmọ jókòó jẹ́ẹ́.

Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ bèèrè ní ọ́fíìsì SIWES iléèwé rẹ bóyá wọ́n á gba ibi tí o yàn. Bí wọ́n bá ní ó kéré jù, fi ìsinmi rẹ lọ síbẹ̀. Àkókò kì í wọ́n wa lórílẹ̀-èdè yìí: ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ti 2022 nìkan gba oṣù 8.

Kọ logbook rẹ bí ẹni tó ṣiṣẹ́

Ẹni tó bá kọ ọ́ sínú logbook, ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ojoojúmọ́, pé “Mo lọ síbi iṣẹ́ lónìí, mo kọ́ nípa iná” kò tíì sọ nǹkan kan. Wo bó ṣe yẹ kó rí: “A fa wáyà sínú ilé oníyàrá 2. Mo so sọ́kẹ́ẹ̀tì 3. Ìkejì ń gbóná nítorí n kò dè é le tó. Ọ̀gá ní kí n tú u, mo tún un so, a sì fi tẹ́sítà wò ó.” Ẹni tó bá ka èyí á mọ̀ pé o wà níbẹ̀. Alaalẹ́ ni kí o máa kọ ọ́; má jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn kí o tó máa da ti ẹlòmíì kọ. Má sì gbàgbé Fọ́ọ̀mù 8 ti SIWES tí o bá ń parí.

Mọ bí a ti ń bá ọ̀gá gbé

Bọ́mọdé bá mọwọ́ wẹ̀, á bágbà jẹun. Tètè dé. Kí gbogbo ènìyàn, títí kan ọmọ iṣẹ́ tí kò kàwé tó ọ, nítorí òun ló máa kọ́kọ́ fi ọ̀nà hàn ọ́. Bí o bá ti wo iṣẹ́ kan títí tó ti yé ọ, sọ pé: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n ṣe èyí, kí ẹ máa wò mí.” Ẹ̀bẹ̀ yìí ló ń sọ ẹni tó ń wòran di ẹni tó mọṣẹ́. Má sì kúrò níbẹ̀ láìtíì dá iṣẹ́ kan ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kódà kó jẹ́ iṣẹ́ kékeré.

Ṣọ́ ara rẹ

Ọ̀rọ̀ yìí ló ká mi lára jù. Má san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni tó ní òun á bá ọ wá ibi IT. Ṣírò owó ọkọ̀ Ìkẹ́rẹ́ sí Adó tàbí Àkúrẹ́ fún oṣù kan kí o tó gbà láti lọ, kí ebi má baà lé ọ kúrò níbi iṣẹ́ tó dára. Bí ọ̀gá kankan bá sì ní kí o wá bá òun nílé kí òun tó fọwọ́ sí ìwé rẹ, kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Sọ fún àwọn òbí rẹ, sọ fún olùkọ́ tó ń bójú tó ọ. Ẹ̀bi rẹ kọ́. Kò sí ìbuwọ́lùwé tó tó ìyẹn.

Jẹ́ kí iṣẹ́ rẹ máa sọ̀rọ̀

Ya fọ́tò ohun tí o ṣe, tí ọ̀gá bá gbà bẹ́ẹ̀. Kọ ọjọ́ àti ohun tí ọwọ́ rẹ ṣe níbẹ̀ sábẹ́ fọ́tò náà. Lágbègbè wa yìí, àṣà àtijọ́ ni kí iṣẹ́ máa polówó ẹni tó ṣe é. Nígbà tí Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, fẹ́ ṣe ààfin rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́, Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére Arínjalẹ̀ tó jẹ́ ọba Ìsẹ̀, ló gbé iṣẹ́ náà fún. Láàárín 1910 sí 1914 ló gbẹ́ àwọn òpó àti ilẹ̀kùn ààfin. Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ó sì wà ní British Museum dòní. Ohun tí ọwọ́ ọkùnrin yìí lè ṣe ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí.

Nítorí náà, kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, kọ orúkọ ibi mẹ́ta tí iṣẹ́ tìrẹ ti ń lọ ní pẹrẹu. Fẹsẹ̀ ara rẹ dé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kí o sì bi wọ́n pé kí ni wọ́n á jẹ́ kí o fọwọ́ ṣe. Ibi tí wọ́n bá ti dá ọ lóhùn tó dáa jù ni kí o mú lẹ́tà rẹ lọ.