Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: FÍFI IYE KAN WÉ ÈKEJÌ KÍ Á TÓ DÁJỌ́

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ní Màsífà, ní Èjìgbò àti ní gbogbo agbègbè rẹ̀, púpọ̀ nínú yín ni ó máa ń kọ́ àwọn àbúrò ní lẹ́sìnnì nígbà tí ilé-ìwé bá gba ìsinmi. Ẹ̀kọ́ yìí wà fún yín láti fi kọ́ wọn. Ó sì wà fún àwa fúnra wa, nítorí pé ojoojúmọ́ ni à ń fi iye ṣe ìdájọ́: ilé-ìwé wo ni ó dára jù, ọmọ wo ni ó ń ṣe ọ̀lẹ, ìrìnàjò wo ni ó lérè. Ẹni tí kò bá mọ bí a ti ń fi nǹkan wéra yóò dá ẹjọ́ tí kò tọ́ fún ọmọnìkejì rẹ̀.

KÍ NI OHUN AYÍPADÀ?

Ohunkóhun tí ó lè yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹnìkan sí ẹlòmíràn, tàbí láti ọjọ́ kan sí òmíràn, ni a ń pè ní ohun ayípadà. Ọjọ́ orí jẹ́ ọ̀kan. Máàkì ìdánwò jẹ́ ọ̀kan. Bí òjò ti rọ̀ tó lóṣù àti iye tí wọ́n ń ta gàrí lọ́jà náà wà lára wọn. Nígbà tí a bá kọ ohun ayípadà méjì sílẹ̀ fún àwọn ènìyàn kan náà, ìbéèrè wa ni pé: bí èkíní ti ń pọ̀ sí i, kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí èkejì?

ÌGBÉSẸ̀ KÌN-ÍN-NÍ: Ẹ LO ÒṢÙWỌ̀N KAN NÁÀ

Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2006, àwọn tí wọ́n kà ní ìjọba ìbílẹ̀ Èjìgbò lé ní 132,000. Ti Ìwó lé ní 191,000. Òtítọ́ ni pé ènìyàn pọ̀ ní Ìwó ju Èjìgbò lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá béèrè pé níbo ni ènìyàn ti fún mọ́ra jù, iye ènìyàn nìkan kò lè dáhùn. A ní láti wo ilẹ̀ pẹ̀lú. Ilẹ̀ Èjìgbò jẹ́ nǹkan bí kìlómítà onígun mẹ́rin 373; ti Ìwó jẹ́ nǹkan bí 245. Ẹ fi ilẹ̀ pín ènìyàn: ní Èjìgbò, nǹkan bí ènìyàn 355 ni ó wà lórí kìlómítà onígun mẹ́rin kan, ní Ìwó, nǹkan bí 780. Ìyẹn ju ìlọ́po méjì lọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ilé-ìwé. Ká ní ọmọ 120 ṣe ìdánwò ní ilé-ìwé kan tí 48 yege, tí ọmọ 30 sì ṣe é ní òmíràn tí 21 yege. Bàbá tí ó bá wo 48 àti 21 nìkan yóò yan èkíní. Ṣùgbọ́n nínú ọgọ́rùn-ún, 40 ni ti èkíní, 70 sì ni ti èkejì.

ÌGBÉSẸ̀ KEJÌ: Ẹ TÒ WỌ́N SÍ ÌSỌ̀RÍ-ÌSỌ̀RÍ, KÍ Ẹ SÌ YÀ WỌ́N

Ẹ jẹ́ kí á fi ọmọ márùn-ún ṣe àpẹẹrẹ. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ìṣẹ́jú tí ọmọ fi kàwé nílé lálẹ́. Èkejì ni máàkì rẹ̀ nínú 20.

A: 10, 6
B: 20, 9
D: 30, 11
E: 40, 7
Ẹ: 60, 16

Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fa ìlà kan lọ sí ọ̀tún fún ìṣẹ́jú, kí wọ́n fa ìkejì lọ sókè fún máàkì, kí wọ́n sì fi àmì kan sílẹ̀ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Wọn yóò rí i pé àmì náà ń gòkè bí ìṣẹ́jú ti ń pọ̀ sí i, àfi ti E nìkan. Olùkọ́ tí kò ní sùúrù yóò pe E ní olódo. Olùkọ́ tí ó gbọ́n yóò béèrè: ṣé ojú rẹ̀ ríran dáadáa? Ṣé ó ti kiri ọjà títí ó fi rẹ̀ ẹ́ kí ó tó ṣí ìwé? Àmì tí ó yapa sí ìyókù, ìbéèrè ni ó gbé wá. Kì í ṣe ẹ̀gàn.

ÌGBÉSẸ̀ KẸTA: Ẹ WÁ OHUN KẸTA

Ohun méjì lè jọ máa rìn pọ̀ láìjẹ́ pé ọ̀kan ni ó fa èkejì. Àwọn kan máa ń sọ pé máńgòrò ń fa ibà. Lóòótọ́, ibà máa ń pọ̀ sí i bí máńgòrò bá ti pọ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n àsìkò máńgòrò náà ni òjò ń bẹ̀rẹ̀, omi ń dúró sí kòtò àti agolo, ẹ̀fọn sì ń pamọ sínú omi náà. Ní ọdún 1897, ní ilẹ̀ Íńdíà, ni dókítà Ronald Ross rí kòkòrò ibà nínú ikùn ẹ̀fọn. Òjò ni ohun kẹta tí ó wà lẹ́yìn àwọn méjèèjì. Bí a bá fẹ́ dán an wò, ẹ jẹ́ kí á mú àwọn ọmọ tí gbogbo wọn ń sùn lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì, kí á fi àwọn tí ń jẹ máńgòrò wé àwọn tí kì í jẹ ẹ́. Bí a bá mú ohun kan dúró lójú kan, a ó mọ iṣẹ́ èkejì.

Ẹ̀kọ́ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ní ọjọ́ tí Ibrahim, ọmọ Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), kú, oòrùn ṣókùnkùn. Àwọn ènìyàn ní nítorí ikú ọmọ náà ni. Ànábì, pẹ̀lú ìbànújẹ́ tí ó wà nínú rẹ̀, kò gbà á fún wọn. Ó kọ́ wọn pé àmì Ọlọ́hun ni oòrùn àti òṣùpá, wọn kì í ṣókùnkùn nítorí ikú tàbí ìbí ẹnikẹ́ni.

ÌGBÉSẸ̀ KẸRIN: Ẹ KA ÀWỌN TÍ OJÚ KÒ RÍ

Ó ti pẹ́ tí àwọn ará Èjìgbò ti ń lọ ṣòwò ní Côte d'Ivoire, débi pé èdè Faransé kì í ṣe àjèjì ní ìgboro wa. A máa ń gbọ́ kí ọ̀dọ́ sọ pé: “Àwọn ará Àbíjàn ni wọ́n ń kọ́lé; kí ni mo ń fi ìwé ṣe?” Ẹ jẹ́ kí á ya àpótí mẹ́rin: àwọn tí ó lọ tí wọ́n kọ́lé, àwọn tí ó lọ tí wọn kò kọ́lé, àwọn tí ó dúró tí wọ́n kọ́lé, àwọn tí ó dúró tí wọn kò kọ́lé. Àpótí kìn-ín-ní nìkan ni ọ̀dọ́ yẹn wò, nítorí pé ilé hàn sí gbogbo ènìyàn. Ẹni tí kò rí owó mọ́tò padà wálé kò ní ilé tí a lè tọ́ka sí.

Ọdún tí ènìyàn lọ náà tún jẹ́ ohun ayípadà. Ẹni tí ó kówó jọ kí owó CFA tó já sí ìdajì ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1994 kò bá ẹni tí ó dé ibẹ̀ nígbà ogun ọdún 2002 dọ́gba. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lọ. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ó ka àpótí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ó tó ju ìwé sílẹ̀. Àwọn àgbà ní agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tí ó wo àpótí kan dá kò yàtọ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Nínú ilé-ìwé méjì tí a sọ, bí èkejì bá ń fi ìdánwò ṣa ọmọ kí ó tó gbà wọ́n wọlé, ṣé a ṣì lè sọ pé olùkọ́ ibẹ̀ ni ó dára jù?
2. Nínú ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ tí bàtà wọn tóbi máa ń mọ̀wé kà ju àwọn tí bàtà wọn kéré. Kí ni ohun kẹta?
3. Ẹ bi ogún ènìyàn ní àdúgbò yín léèrè, kí ẹ sì kún àpótí mẹ́rin náà. Ẹ má gbàgbé láti béèrè nípa àwọn tí kò tíì padà wálé.

Kí Ọlọ́hun fi kún ìmọ̀ wa, kí ó sì jẹ́ kí ìdájọ́ wa jẹ́ òdodo. Àmín.