Bí A Kò Bá Rí Àdàn: Wáyà Tẹlifóònù Lẹ́nu Iṣẹ́ Kọ̀ǹpútà

Bí a kò bá rí àdàn, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí kò ní kí á fi ohunkóhun tó bá ṣáà ti ń fò rọ́pò àdàn. Òòbẹ̀ ni wọ́n dárúkọ, nítorí ó fi ìwà jọ ọ́. Ojú yẹn ló yẹ kí á fi wo wáyà tẹlifóònù tí èèyàn fẹ́ fi so kọ̀ǹpútà pọ̀. Àwọn ilé àti ọ́fíìsì kan tí wọ́n kọ́ láyé NITEL, iléeṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba nígbà kan, ṣì ní irú wáyà bẹ́ẹ̀ nínú ògiri, tí ohun kan kò gba inú rẹ̀ kọjá mọ́ láti ìgbà tí GSM ti gbòde lẹ́yìn 2001. Ẹni tó fẹ́ gbé íntánẹ́ẹ̀tì láti yàrá kan dé òmíràn, tí kò sì fẹ́ dá ògiri lu, á wò ó títí, á ní ṣé eléyìí kò lè ṣe é ni? Ó lè ṣe é, bí wáyà náà bá jẹ́ èyí tí wọ́n lọ́ mọ́ra, tí ẹni tó fẹ́ lò ó sì gbà láti má di ẹrù tó jù ú lọ lé e lórí.

Lílọ́ yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Wáyà méjì ló máa ń jùmọ̀ gbé iṣẹ́ kan. Bí a bá lọ́ wọn mọ́ra, ariwo iná mànàmáná tó wà nítòsí á kan méjèèjì bákan náà. Ẹ̀rọ tó ń gbà á, tó jẹ́ pé ìyàtọ̀ àárín wọn nìkan ló ń kà, á pa ariwo náà tì. Ọgbọ́n yìí ti wà kí kọ̀ǹpútà tó dáyé: nítorí tẹlifóònù ni Alexander Graham Bell ṣe gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1881. Nígbà tí àjọ IEEE sì gbé ìlànà ìsokọ́ra kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ 10BASE-T jáde ní 1990, irú wáyà tẹlifóònù tí wọ́n ń lò ní ọ́fíìsì ni wọ́n gbé e kà. Wáyà mẹ́rin péré ló ń lò, méjì fún fífi ránṣẹ́, méjì fún gbígbà. Ó ń gbé mẹ́gábíìtì 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, títí dé nǹkan bíi mítà 100. Ẹ ṣọ́ra níbi tí ẹ ó ti to àwọn wáyà náà sí ẹnu tí a ń kì bọ ara kọ̀ǹpútà: àyè 1 àti 2 ni ti méjì àkọ́kọ́ tí a lọ́ mọ́ra, àyè 3 àti 6 ni ti méjì kejì. Ẹni tó bá tò ó ní 1, 2, 3, 4 ti fi àyè 6 sílẹ̀ lófìfo, kò sì ní so pọ̀.

Ṣùgbọ́n ìka kò dọ́gba. Wáyà pẹlẹbẹ tó máa ń ti ara tẹlifóònù lọ sí ara ògiri, wọn kì í lọ́ inú rẹ̀ rárá. Ẹ má fi ṣe é. Ohun tó tún ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ ni iná kékeré tó ń tàn lára ráútà. Ẹ̀rọ méjèèjì tó wà ní ìdí wáyà máa ń fẹnu kò lórí eré tí àwọn fúnra wọn lè sá, wọn kì í bi wáyà léèrè. Wọ́n lè fẹnu kò sí mẹ́gábíìtì 100, èyí tó jáde ní 1995, tó sì nílò wáyà tó dára jù, tí wọ́n ń pè ní Cat 5, tàbí sí 1000, èyí tó nílò wáyà mẹ́jọ. Iná á máa tàn, ọ̀rọ̀ á sì máa já lójú ọ̀nà, tàbí kí ó má tilẹ̀ so pọ̀ rárá. Ẹ wọ inú ètò kọ̀ǹpútà, kí ẹ fọwọ́ yan 10, ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bí ó bá ṣeé ṣe.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Wáyà tẹlifóònù tó ṣì ń ṣiṣẹ́ máa ń ní iná tó tó fóltì 48, ó sì lè sún mọ́ 90 nígbà tí agogo bá ń dún; ìyẹn lè ba kọ̀ǹpútà jẹ́. Ẹ já a kúrò lára ti ìta pátápátá. Ẹ má sì gba inú rẹ̀ fi iná ránṣẹ́ sí kámẹ́rà, nítorí wáyà tó tín-ín-rín lè gbóná.

Ẹnìkan á ní, Wi-Fi ńkọ́? Ó dára níbi tó bá dé, àmọ́ ògiri búlọ́ọ̀kù tó nípọn máa ń dín agbára rẹ̀ kù, wáyà tí kò yára tó o sì lè ṣeé fọkàn tán jù ú lọ. Ẹlòmíràn á ní wáyà tuntun kò wọ́n. Òótọ́ ni, mo sì fara mọ́ ọn: níbi tí àyè bá wà, tuntun ni kí ẹ rà, kí ẹ sì rí i pé ògidì bàbà ni, kì í ṣe alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò lára. Ibi tí àyè kò sí ni mo ń sọ. Mẹ́gábíìtì 10 tó fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, lẹ́tà àti ìpàdé orí fídíò ẹnìkan; ṣùgbọ́n fáìlì gígábáìtì kan á gbà ju ìṣẹ́jú 13 lọ, nítorí náà kò yẹ ọ́fíìsì tó ń gbé fídíò ńláńlá kiri.

Èyí tí mi ò lè fara mọ́ ni ti ẹni tó ní bó bá ti ń ṣiṣẹ́, ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí láé. Bí wáyà àtijọ́ náà bá wà nínú páìpù, ẹ so tuntun mọ́ ìdí rẹ̀, kí ẹ fi fà á kọjá lọ́jọ́ tí owó bá dé. Ẹ̀yin tó ń kọ́lé lọ́wọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi páìpù sínú ògiri kí wọ́n tó rẹ́ ẹ.