Ẹ Mọ Ẹyẹ Àkùrọ̀ Yín Kí Ẹ Tó Pa Á

 

Ní ọjọ́ ọjà kan, a tẹ̀lé àwọn ìyá kan nínú wa lọ sí ọjà Santana, lójú ọ̀nà Sapele ní Benin, láti wo iye tí wọ́n ń ta gààrí àti ẹ̀fọ́. Níbẹ̀ ni a ti rí ọmọ wa kan, tí a kò ní dárúkọ rẹ̀, tó gbé àwo lé itan. Lékelèké yíyan mẹ́sàn-án ni ó wà nínú àwo náà, òwìwí kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. A bi í léèrè ohun tí ó mú un pa wọ́n. Ó ní àwọn lékelèké ń jẹ ìrẹsì òun ní àkùrọ̀. Ó ní òwìwí náà ń ké lórí òrùlé ìyá òun lóru, ẹyẹ àjẹ́ ni.

A kò bá a jà. A kàn tún bi í pé, "Báwo ni eku ṣe wà nílé yín?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní eku ti pọ̀ débi pé ìyá òun ń so gààrí kọ́ àjà ni. Ìyá kan tó dúró tì wá sọ fún un pé, "Ọmọ mi, ẹni tí ì bá bá yín jẹ eku náà ni o gbé wá tà yìí."

Ọ̀rọ̀ ìyá yẹn ni ó mú wa kọ ẹ̀kọ́ yìí. A sì ní láti jẹ́wọ́ pé ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ọmọ yẹn nìkan. Nínú ẹ̀kọ́ wa kan sẹ́yìn, a ní kí ẹ lé gbogbo ẹyẹ kúrò ní oko ìrẹsì. A kò ya ọ̀rẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀tá. Àṣìṣe wa ni. Ẹ jẹ́ kí a tún un ṣe lónìí.

ÌPÍN KÌÍNÍ: OHUN MÁRÙN-ÚN TÍ A Ó MÁA WÒ

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ẹyẹ kò gbọdọ̀ kánjú. Kí ó jókòó jẹ́ẹ́ létí àbàtà ní kùtùkùtù òwúrọ̀ tàbí ní ìrọ̀lẹ́, kí ó sì wo nǹkan márùn-ún wọ̀nyí:

1. Bí ó ṣe tóbi tó. Ẹ fi í wé èyí tí ẹ ti mọ̀. Ṣé ó tó àdàbà ni, àbí ó tó adìyẹ?

2. Ẹnu rẹ̀. Ẹnu ẹyẹ ni ó ń sọ ohun tí ó ń jẹ. Ẹnu tó kúrú tó sì nípọn, hóró ni ó ń fọ́. Ẹnu tó gùn tó sì mú bí ọ̀kọ̀, ẹja, ọ̀pọ̀lọ́ tàbí kòkòrò ni ó ń mú. Ẹnu tó tẹ̀ bí ìwọ̀, ẹran ni ó ń ya.

3. Ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ gígùn wà fún rírìn nínú omi. Èékánná mímú wà fún gbígbá ẹran mú.

4. Ibi tí ó wà, àti ohun tí ó ń ṣe níbẹ̀.

5. Igbe rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹyẹ wà tí etí yóò gbọ́ kí ojú tó rí i.

Kí ọmọ iléèwé kan nínú ilé máa kọ ohun tí ẹ bá rí sínú ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ àti oṣù. Láàárín ọdún kan, ìdílé yín yóò mọ èyí tí ń gbé àbàtà náà títí ọdún àti èyí tí ń ṣe àlejò.

ÌPÍN KEJÌ: ẸYẸ MẸ́FÀ TÍ A GBỌ́DỌ̀ MỌ̀

Lékelèké. Gbogbo ara rẹ̀ funfun, ẹnu rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí àgbàdo gbígbẹ, ọrùn rẹ̀ kò sì gùn púpọ̀. Ẹ̀yìn màlúù àti ẹ̀yìn àgbẹ̀ tó ń ro oko ni ó ń tẹ̀lé. Tata àti kòkòrò tí ń sá jáde nínú koríko ni ó ń wá. Ẹnu rẹ̀ kò ṣeé fi fọ́ hóró, nítorí náà kì í jẹ ìrẹsì. Bí ẹ bá rí i nínú ìrẹsì, ẹ mọ̀ pé tata ti débẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ìbátan rẹ̀ kan wà tí ẹnu àti ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú, ṣùgbọ́n tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ́n bí ìbẹ́pẹ. Ìyẹn ń pa ẹja nínú omi. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni lékelèké ń pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Bí òjò bá dé, ọ̀pọ̀ wọn ń lọ yé sí ìhà Àríwá. Arìnrìn-àjò gidi ni: ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ó fò kọjá òkun dé Gúúsù Amẹ́ríkà, ó sì di onílé níbẹ̀.

Ẹ̀gà. Èyí ni olè náà gan-an. Ẹnu rẹ̀ kúrú, ó nípọn. Akọ rẹ̀ pọ́n bí epo tuntun, orí rẹ̀ dúdú. Ìtẹ́ rẹ̀ ń rọ̀ dirodiro lórí ọ̀pẹ bí àdó, ariwo rẹ̀ kì í sì í dáwọ́ dúró. Ó ń fa imọ̀ ọ̀pẹ ya, ó sì ń jẹ ìrẹsì tó ń gbó. Òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni ó ń jẹun jù, nítorí náà kò sí ìdí tí a ó fi tìtorí rẹ̀ mú ọmọ kúrò ní iléèwé. Kí ọmọ ṣọ́ oko kí ó tó lọ àti lẹ́yìn tí ó bá dé. Láàárín ọ̀sán, ẹ so agolo òfìfo àti ọ̀rá dídán mọ́ okùn kí afẹ́fẹ́ máa mì wọ́n.

Òwìwí. Ojú rẹ̀ fẹ̀, ó funfun, ó rí bí àwo. Òru ni ó ń ṣọdẹ, igbe rẹ̀ a sì máa ba ènìyàn lẹ́rù. Eku ni oúnjẹ rẹ̀. Ó ń gbé e mì lódindi, lẹ́yìn náà a pọ irun àti eegun rẹ̀ jáde ní ìdì kan. Bí ẹ bá rí irú ìdì bẹ́ẹ̀ lábẹ́ igi tàbí lábẹ́ òrùlé, ẹ fi igi tú u, ẹ má fi ọwọ́ kàn án. Ẹ ó rí agbárí eku níbẹ̀. Ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ rántí pé eku inú ilé ni ó ń gbé ibà Lassa kiri, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní 1969 ní ìlú Lassa, ní Borno. Ìpínlẹ̀ Edo tí a ń gbé yìí jẹ́ ọ̀kan nínú ibi tí ó ti ń yọjú jù. Bí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ eku bá kan oúnjẹ, ewu dé. Ẹ bo gààrí yín, ẹ má sá a sí ojú títì, ẹ má sì jẹ eku ilé. Bí ibà bá mú ẹnikẹ́ni tí òògùn ibà kò sì ràn án, ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ilé ìwòsàn ńlá tí ó wà ní Irrua ni wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò àrùn yìí tí wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀. Òwìwí nìkan kò lè gbà wá, ṣùgbọ́n ẹni tó pa á ti dín olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ kù.

Ẹlúlùú. Orí rẹ̀ dúdú, ìyẹ́ apá rẹ̀ pupa bí amọ̀, ìrù rẹ̀ gùn, ojú rẹ̀ sì pọ́n. Igbe rẹ̀ dà bí ìgbà tí omi ń tú jáde lẹ́nu ìgò. A máa ń sọ pé òjò tí ẹlúlùú bá pè, orí ara rẹ̀ ni yóò rọ̀ lé. Tata, ìgbín wẹ́wẹ́, ọ̀pọ̀lọ́, àti ejò kékeré pàápàá ni ó ń jẹ. Ọ̀rẹ́ oko ni.

Ẹyẹ apẹja. Dúdú àti funfun ni èyí tí ó wọ́pọ̀ lórí odò wa. Ó ń dúró lójú kan nínú afẹ́fẹ́, tí yóò máa lu apá, lẹ́yìn náà a já bọ́ sínú omi. Ibi tí ó bá ti ń jẹun, ẹja wẹ́wẹ́ wà níbẹ̀. Bí ó bá ṣí kúrò lójijì, ẹ wádìí ohun tó ṣe omi náà.

Alápàáńdẹ̀dẹ̀. Èyí tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ pupa, tí ìrù rẹ̀ là sí méjì, àlejò láti Yúróòpù ni. Ó ń dé ní nǹkan bí oṣù kẹsàn-án, ó sì ń padà ní nǹkan bí oṣù kẹta sí ìkẹrin. Kòkòrò tí ń fò ni ó ń jẹ. Àwa tí a fi ilé sílẹ̀ wá oko yẹ kí a mọ bí a ti ń ṣe àlejò.

ÌPÍN KẸTA: IBI TÍ A YÀ SỌ́TỌ̀ FÚN ẸRANKO

Ẹni tí kò bá lè dé ọ̀nà jíjìn lè kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí ọgbà ẹranko Ogba ní Benin níbí. Ní ìjọba ìbílẹ̀ Ovia South-West, igbó Okomu wà níbẹ̀, tí ìjọba àpapọ̀ sọ di ọgbà orílẹ̀-èdè ní 1999. Àbàtà àti odò wà nínú rẹ̀. Erin igbó wà níbẹ̀ títí di òní, ọ̀bọ kan tí ọ̀fun rẹ̀ funfun sì wà níbẹ̀, tí kò sí níbòmíràn láyé àfi ní ìhà tiwa yìí. Òfin kò gba ọdẹ ṣíṣe tàbí oko dídá nínú ọgbà náà. Ẹni tí kò bá dá ààlà mọ̀, kí ó bi àwọn ẹ̀ṣọ́ kí ó tó ṣán igbó.

Bákan náà, ní 2016, ìpàdé àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ṣe ní Johannesburg fi odídẹrẹ́ àti akika sí ipò àwọn ẹ̀dá tí a kò gbọdọ̀ tà láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi owó tan yín láti gbé wọn wá sí ọjà, ẹ kọ̀. Ẹni tó rán yín kò ní bá yín dé àgọ́ ọlọ́pàá.

ÌPÍN KẸRIN: MÁJÈLÉ

Àwọn kan ń da Gammalin sínú omi láti pa ẹja. Wọ́n tún ń fi òògùn kòkòrò po hóró láti pa ẹyẹ. Ní 2009, àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé fi lindane, èyí tó wà nínú Gammalin, sí ara àwọn kẹ́míkà tí a ó fòpin sí. Omi tí ẹ dà á sí ni aládùúgbò yín ń pọn. Iná àti èéfín kì í mú májèlé kúrò nínú ẹran. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ẹyẹ lọ́jà tí kò ní ojú ọgbẹ́ ìbọn tàbí àmì okùn lára, ẹ bi olùtà pé kí ni ó pa á. Bí kò bá lè dáhùn, ẹ má rà á.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌDÍLÉ

1. Kí ni ẹnu lékelèké fi yàtọ̀ sí ti ẹ̀gà?
2. Ẹyẹ wo ni ẹ rí létí àkùrọ̀ yín lọ́sẹ̀ yìí, kí ni ó sì ń jẹ?
3. Níbo ni ẹ ń kó gààrí yín sí, ṣé eku kò lè débẹ̀?

Ẹ kó ìdáhùn yín wá sí ìpàdé wa tó ń bọ̀. Ọmọ wa tí a rí ní Santana ti ṣèlérí pé òun yóò wá. Ó ní òwìwí mìíràn ti tún ń ké lórí òrùlé ìyá òun, ó sì bi wá pé kí ni kí òun ṣe. A ní kí ó fi í sílẹ̀. Iṣẹ́ ni ó ń ṣe.