Owó Tí Ẹ Bá Dín, Ara Àwọ̀ Ni Ẹ Ó Ti Yọ Ọ́

Bí oníbàárà bá sọ fún yín pé ẹnì kan ní Nyohini, ní Tamale níbí, ń gba owó tó kéré sí tiyín, ẹ má yára já owó wálẹ̀. Ẹ ní kó mú ọ̀kan wá lára aṣọ tí ẹni yẹn tẹ̀, èyí tí wọ́n ti fọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta ó kéré tán. Ẹni tó fẹ́ jèrè nínú owó táṣẹ́rẹ́ yóò fa yíǹkì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, yóò fo funfun tí à ń kọ́kọ́ tẹ̀ sísàlẹ̀ àwọ̀, yóò sì yọ aṣọ kúrò nínú ooru kí yíǹkì tó jinná. Ojú àwọ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti máa hàn.

Mo mọ ibi tí àṣà “kó sáà ti tà” ti wá. Àwọn òbí wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin àti ìlú mìíràn nílẹ̀ Yorùbá kún ọjà Tamale kí àṣẹ ìjọba Busia ní Ghana tó lé wọn lọ́dún 1969. Aṣọ wà lára ohun tí wọ́n ń tà, èrè kékeré lórí ọjà tó ń yára lọ sì gbè wọ́n. Ṣùgbọ́n ọjà tí ẹlòmíràn ti ṣe parí ni tiwọn. Àwa tí a ń tẹ aṣọ, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó bá wọlé, láti ìpìlẹ̀ ni a ó ti ṣe é.

Ẹ wò ó. Nínú iṣẹ́ sikirínì, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní férémù tirẹ̀. Ká ní pípèsè férémù kan ń ná yín ní 60 sídì. Àwọ̀ mẹ́ta di 180. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì UDS bá fẹ́ tíṣáàtì 10, 18 sídì ti wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó ra aṣọ rárá. Bí ẹgbẹ́ òṣèlú bá fẹ́ 100, kò tó sídì méjì. Báwo wá ni ẹ ṣe máa fi iye kan náà dá àwọn méjèèjì lóhùn? Ẹ fi owó ọkọ̀ láti Accra kún un, àti epo jẹnẹrétọ̀, àti aṣọ tó máa bàjẹ́ lọ́wọ́ yín, torí ọ̀kan yóò bàjẹ́ dandan. Iṣẹ́ tí aṣọ rẹ̀ kò pọ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ sì pọ̀, DTF, èyí tí à ń tẹ̀ sórí fíìmù ká tó fi ooru gbé e sára aṣọ, ló yẹ ẹ́. Ẹ má fi férémù dá ara yín lóró.

Àwòrán tí oníbàárà fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp kì í ṣe àdéhùn. Ìmọ́lẹ̀ ni fóònù fi ń ṣe àwọ̀. Yíǹkì ní tirẹ̀ ń gbé lára ìmọ́lẹ̀ mì ni, èyí tó bá ṣẹ́ kù lojú ń rí. Nítorí náà, àwọ̀ kan wà tó ń tàn yòò lójú fóònù tí yíǹkì inú agolo yín kò lè bá láé.

Àsìkò ọdún Damba ni wàhálà àwọ̀ máa ń pọ̀ jù. Ẹnì kan á mú ẹ̀wù fugu aláró ti ìlú Daboya wá, á ní kí lẹ́tà orí tíṣáàtì òun bá a mu. Aró kì í dọ́gba láti ìgbà kan dé èkejì. Ẹni tó bá ti dé ọ̀dọ̀ àwọn aláró Abẹ́òkúta mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kódà lára fugu kan ṣoṣo, èjìká tí oòrùn ti pa àti inú ìpadà rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ ní kó fi ìka tọ́ ibi tó fẹ́. Ẹ po yíǹkì, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ kọ ìwọ̀n gíráàmù rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sára irú aṣọ tí ẹ máa lò gan-an, ẹ jẹ́ kó jinná nínú ooru, kí ẹ wá gbé e síta lọ́sàn-án gangan, torí àwọ̀ méjì lè dọ́gba lábẹ́ gílóòbù kí wọ́n sì yapa nínú oòrùn. Kí oníbàárà buwọ́ lu àpẹẹrẹ yẹn. Ọjọ́ náà ni kí ẹ dá iye lé iṣẹ́ náà, kí ẹ sì gba àsansílẹ̀. Ẹ gba owó àpẹẹrẹ lọ́tọ̀. Bó bá gbé iṣẹ́ fún yín, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú owó tó kù.

Àwọ̀ aṣọ fúnra rẹ̀ náà ń fi kún owó. Aṣọ dúdú ń béèrè funfun nísàlẹ̀, ìyẹn férémù kan sí i.

Jẹ́sì pupa ni kí ẹ bẹ̀rù jù. Pólíẹ́sítà ni. Púláàtísọ́ọ̀lù tí gbogbo wa ń lò máa ń fẹ́ ooru tó tó 160°C kó tó jinná, ooru yẹn á sì jí aró inú jẹ́sì, á gun orí yíǹkì wá. Nọ́ńbà funfun tó mọ́ lóló lónìí lè di píńkì kí àwọn ọmọ tó dé pápá. Yíǹkì tó ń jinná nínú ooru kékeré wà, ìsàlẹ̀ aláwọ̀ eérú tó ń dí aró lọ́nà náà wà, ṣùgbọ́n owó ni méjèèjì. Ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó gba iṣẹ́. Bí kóòṣì bá ní òun ò lówó bẹ́ẹ̀, ẹ fi nọ́ńbà dúdú lọ̀ ọ́: férémù kan, kò fẹ́ ìsàlẹ̀, bí pupa bá sì gùn ún, ojú ò ní rí i.