Kọ́kọ́rọ́ Tí A Kò Fojú Rí

Ẹ̀kọ́ lórí ìpamọ́ páswọ́ọ̀dù, fún àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú

Ẹgbẹ́ tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́ kì í fi àpótí owó àti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sí ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Akápò a máa tọ́jú àpótí. Ẹlòmíràn a sì máa tọ́jú kọ́kọ́rọ́. Kì í ṣe pé wọ́n fura sí akápò. Wọ́n mọ̀ pé ènìyàn lè rìnrìn àjò, ó lè ṣàìsàn, ó sì lè kú. Lóde òní, àpótí ti di àkáǹtì báńkì, ìwé ẹgbẹ́ ti wọ inú fóònù, kọ́kọ́rọ́ sì ti di ọ̀rọ̀ ìpamọ́ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí páswọ́ọ̀dù. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti gbàgbé ọgbọ́n àpótí náà sí ẹ̀yìn.

Ní Minna, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Niger, àwọn ọmọ Yorùbá ń gbé láàárín àwọn Gbagyi, Nupe àti Hausa. Ẹni tí ó jìnnà sí ilé baba rẹ̀ a máa fi ẹgbẹ́ ṣe ẹbí: ẹgbẹ́ ni yóò bá a sin òkú, òun ni yóò bá a gbé ìyàwó. Ẹgbẹ́ tí ó bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC gbọ́dọ̀ máa fi ìròyìn ọdọọdún ránṣẹ́, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni a sì ti ń ṣe é. Bí akọ̀wé nìkan bá ni ó mọ ímeèlì àti páswọ́ọ̀dù, ọjọ́ tí ó bá kó kúrò nílùú ni ẹgbẹ́ di àlejò nínú ilé ara rẹ̀. Bí akápò nìkan bá ni ó lè ṣí àkáǹtì, tí ó sì dédé ṣàìsí, owó ìsìnkú ń bẹ ní báńkì, opó ń dúró, kò sì sí ẹni tí yóò ṣílẹ̀kùn.

Ibi tí ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀

Ní ọdún 1961, ní ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà, Fernando Corbató àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ètò kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi lè jùmọ̀ lo kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Kí iṣẹ́ ẹnì kan má baà bọ́ sí ọwọ́ ẹnì kejì, wọ́n fún olúkúlùkù ní ọ̀rọ̀ ìpamọ́ kan. Lónìí, ẹnì kan ṣoṣo lè ní ogún tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ: ti báńkì, ti ímeèlì, ti Facebook, ti ilé ẹ̀kọ́ ọmọ. Ní ọdún 2014, Corbató fúnra rẹ̀ sọ pé ọ̀ràn náà ti dà bí àlá burúkú, ó sì jẹ́wọ́ pé òun a máa kọ àwọn tirẹ̀ sínú ìwé. Bí ẹni tí ó dá a sílẹ̀ kò bá lè há gbogbo rẹ̀ sórí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi àgbàlagbà tí ó gbàgbé ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìtọ́ni àtijọ́ pàápàá dá kún wàhálà náà. Ní ọdún 2004, NIST, tí í ṣe ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà, gbé ìlànà kan jáde. Láti ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ti fi dandan lé e pé kí páswọ́ọ̀dù ní lẹ́tà ńlá, nọ́ńbà àti àmì, kí a sì máa pààrọ̀ rẹ̀ lóòrèkóòrè. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe ni pé wọn a kàn fi 1 kún ti àná. Ní ọdún 2017, NIST yí ìlànà náà padà: gígùn ni ó ṣe pàtàkì jù, kò sì sí ìdí láti pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù àyàfi tí ó bá hàn pé ó ti bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn.

Ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ kì í ṣe àṣírí

Nígbà tí ènìyàn bá gbàgbé, ẹ̀rọ lè bi í ní ìbéèrè ààbò. Èyí tí ó wọ́pọ̀ ni orúkọ ìdílé tí a bí ìyá rẹ̀ sí. Láàárín Yorùbá, èyí kì í ṣe àṣírí: a ń fi ki ènìyàn lójú agbo, a ń tẹ̀ ẹ́ sára ìwé ìkéde ìsìnkú, ó sì ń jáde nínú ìkíni ọjọ́ ìbí lórí Facebook. Ohun tí onílù mọ̀ kò lè jẹ́ kọ́kọ́rọ́ báńkì.

Ẹni tí ó ni ìdáhùn náà pàápàá lè kùnà. Ẹni tí ó kọ Adéṣínà pẹ̀lú “s” lọ́dún yìí lè kọ ọ́ pẹ̀lú “sh” lẹ́yìn ọdún méjì. Létí ènìyàn, orúkọ kan náà ni. Lójú ẹ̀rọ, orúkọ méjì ni, nítorí lẹ́tà ni ẹ̀rọ ń kà, kì í gbọ́ ohùn. Ní ọdún 2015, àwọn olùwádìí Google fi hàn pé láàárín àwọn tí ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Amẹ́ríkà, ìdá 40 nínú 100 ni kò lè rántí ìdáhùn tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ nígbà tí wọ́n nílò rẹ̀.

Ìfọkàntán àti àlà rẹ̀

Ọmọ tí ó fẹ́ wọ FUT Minna sábà máa ń ṣe ìdánwò JAMB, ímeèlì sì wà lára ohun tí yóò lò. Bí oníṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà bá bá a ṣí ímeèlì náà, tí ó sì fi nọ́ńbà fóònù ara rẹ̀ sí i, ọmọ náà yóò máa lọ bẹ̀ ẹ́ nígbàkúùgbà tí ó bá nílò ìwé tirẹ̀. Ìrànlọ́wọ́ tòótọ́ ni èyí tí ó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ ní ọwọ́ onílé. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.

Ilé iṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í kọ páswọ́ọ̀dù oníbàárà sílẹ̀ bí ó ṣe tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ a lọ̀ ọ́ bí ẹni lọ ata; ata tí a bá sì ti lọ̀ kì í padà di odidi. Bí oníbàárà bá padà wá, ẹ̀rọ a tún lọ èyí tí ó mú wá, a sì fi méjèèjì wéra. Nítorí náà, ilé iṣẹ́ lè fún ènìyàn ní ààyè láti yan tuntun, ṣùgbọ́n kò sí òṣìṣẹ́ òtítọ́ tí ó nílò láti bèèrè ti àtijọ́. Ẹni tí ó bá pe fóònù láti bèèrè rẹ̀, olè ni.

Ohun tí ẹgbẹ́ lè ṣe

1. Kí ímeèlì àti nọ́ńbà fóònù ẹgbẹ́ jẹ́ ti ẹgbẹ́, kí a sì máa lo nọ́ńbà náà. Nọ́ńbà tí a kò bá lò fún oṣù 6 lè di títì. Bí oṣù 6 mìíràn bá tún kọjá, ó lè di ti ẹlòmíràn.

2. Kí ènìyàn méjì ó kéré tán máa fọwọ́ sí owó ní báńkì, kí olúkúlùkù sì ní páswọ́ọ̀dù tirẹ̀ tí kì í sọ fún ẹnì kejì. Bí ipò bá yí padà, kí ẹgbẹ́ kọ̀wé sí báńkì láìjáfara.

3. Kí a kọ páswọ́ọ̀dù ímeèlì ẹgbẹ́ sínú àpò ìwé tí a lẹ̀ pa, kí ẹni mẹ́ta fọwọ́ sí ojú ibi tí a lẹ̀, kí alàgbà kan tí kì í ṣe akọ̀wé tọ́jú rẹ̀. Bí a bá ṣí i, kí a pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù náà.

4. Kí páswọ́ọ̀dù gùn: ọ̀rọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún tí kò bá ara wọn tan. Kí ó má ṣe jẹ́ òwe tí gbogbo ayé mọ̀.

5. Ìdáhùn ìbéèrè ààbò kì í ṣe ìbúra. A lè hùmọ̀ rẹ̀, kí a sì kọ ọ́ pa mọ́ lẹ́tà dé lẹ́tà. Ṣùgbọ́n òtítọ́ nìkan ni kí a kọ sínú fọ́ọ̀mù NIN àti BVN.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Bí akọ̀wé bá rìnrìn àjò lọ́la, ta ni yóò lè ṣí ímeèlì ẹgbẹ́ yìí?
2. Orúkọ àwọn wo ni ó wà ní báńkì? Ǹjẹ́ gbogbo wọn ṣì wà nípò?
3. Àgbàlagbà wo nínú ẹgbẹ́ ni ó ń fi káàdì àti nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ rán ọmọ? Báwo ni a ṣe lè ràn án lọ́wọ́ láìgba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀?

Kí ìpàdé má ṣe tú ká láìyan ọjọ́ tí ìdáhùn ìbéèrè kìn-ín-ní àti ìkejì yóò wọ ìwé ẹgbẹ́. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.