Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Ìmọ̀ràn Lórí Ṣíṣírò Igi Ìdáná De Ìgbà Òtútù

Àwọn àgbà ní, igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó wá. Bí òwe yìí bá sì bá ẹnikẹ́ni wí, ọmọ Yorùbá tí ó ra ilé sí ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà, tí ó sì fẹ́ fi ààrò onírin mú ilé náà móoru, ni ó kọ́kọ́ bá wí. Nílé wa, igi tí ìyá ẹni ń rù bọ̀ láti oko kò ju èyí tí yóò se oúnjẹ lọ, bí ó bá sì tán, igbó kò jìnnà. Ṣùgbọ́n ní Maine, láti ìdajì oṣù Kẹwàá títí di òpin oṣù Kẹrin, òtútù ni baálé: òtútù a-wọlé-má-kan-ilẹ̀kùn, a-mú-àgbà-gbọ̀n-bí-ewé-kókò, a-sọ-omi-odò-di-òkúta. Ẹni tí igi tán mọ́ lọ́wọ́ nínú oṣù Kejì, nígbà tí yìnyín ti bo ọ̀nà dé orókún, kò ní igbó tí yóò sáré wọ̀.

Ẹni tí ó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ ní ààrò onírin, mo ra kọ́ọ̀dù igi 2 lọ́wọ́ ọkùnrin kan tí ó fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé e wá ní oṣù Kẹsàn-án, tí ó dà á jọ gègèrè sí ẹ̀gbẹ́ ilé, tí ó sì fi dá mi lójú pé ó gbẹ. Òkìtì náà ga, ó kún mi lójú, mo sì sanwó láìwọ̀n ọ́n. Kọ́ọ̀dù kì í ṣe òkìtì. Igi tí a tò pọ̀ dáadáa ni, tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 4, tí ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 4, tí ó sì gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 8. Bí a bá sì gé igi náà ní íǹṣì 16, bí ọ̀pọ̀ ààrò ti ń fẹ́ ẹ, ìlà 3 tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 4, tí ó gùn ní 8, ni yóò pé kọ́ọ̀dù kan. Ìlà 6 ni mo sanwó fún. Nígbà tí mo tò ó tán, ìlà 4 àti díẹ̀ ni mo rí.

Èyí tí ó tún burú jù ni pé igi náà kò gbẹ. Mo gbé ẹ̀là óákù kan lé orí ẹyín iná, mo sì jókòó tì í: omi ń hó jáde ní ẹnu rẹ̀ méjèèjì, ó ń yọ ìfófòó bí ìkòkò ẹ̀kọ, ó ń dún ṣíí, gíláàsì ẹnu ààrò sì ti dúdú kí ilẹ̀ tó ṣú. Igi wọ́rọ́kọ́ ni í da iná rú, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n igi tútù ni í jẹ ooru inú iná mọ́ onílé lójú. Ìdajì ìwúwo igi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé lè jẹ́ omi; iná yóò sì kọ́kọ́ se omi yẹn gbẹ kí ó tó rántí ẹni tí òtútù ń mú. Igi tí ó yẹ fún ààrò ni èyí tí omi inú rẹ̀ kò ju 20 lọ nínú ìwúwo 100, óákù kì í sì í dé ibẹ̀ kí ẹ̀ẹ̀rùn méjì tó kọjá lórí rẹ̀, lẹ́yìn tí a ti là á, tí a tò ó kúrò nílẹ̀, tí a bo orí rẹ̀, tí a sì fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Nítorí náà, igi ọdún tí ń bọ̀ ni kí ẹ rà ní ọdún yìí, kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé. Bí ẹ bá sì ń ṣiyèméjì, ẹ gbá ẹ̀là méjì pọ̀: èyí tí ó gbẹ a dún kọ́kọ́kọ́, èyí tí ó tutù a dún gbì.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń bi aládùúgbò wọn léèrè pé kọ́ọ̀dù mélòó ni ó ń jó lọ́dún. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́: ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ilé rẹ̀ kì í ṣe tiyín, igi rẹ̀ sì lè má ṣe irú tiyín. Àwa tí a mọ̀ pé ayín kì í ṣe ẹgbẹ́ àràbà nínú iná kò gbọdọ̀ gbàgbé èyí nítorí pé a sọdá òkun. Kọ́ọ̀dù óákù pupa tí ó gbẹ a máa wúwo tó nǹkan bí pọ́n-ùn 3,500. Ti páìnì funfun kò ju bíi 2,250 lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá fi pọ́n-ùn kan óákù wé pọ́n-ùn kan páìnì, tí àwọn méjèèjì gbẹ, ooru tí wọn ń mú wá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ohun tí ó yẹ kí a mọ̀, nígbà náà, ni iye pọ́n-ùn tí ilé wa ń jẹ lójúmọ́.

Ìwọ̀n kékeré onírin tí a fi ń wọn báàgì kí a tó gbéra lọ sí Èkó ti tó fún iṣẹ́ yìí. Èmi a kó igi sínú báàgì Ghana-must-go, n ó fi ìwọ̀n kọ́ ọ, n ó sì kọ iye rẹ̀ sínú ìwé kí n tó gbé e wọlé. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún. Nítorí náà, ẹ má ṣe wọn ti ọjọ́ kan ṣoṣo, ẹ wọn ti ọjọ́ márùn-ún, kí ẹ sì kọ bí ìta ti tutù tó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà a máa ka òtútù láti ìwọ̀n 65 Fahrenheit wá sísàlẹ̀: ọjọ́ tí ìta wà ní 25 jẹ wá ní gbèsè 40, èyí tí ó wà ní 45 jẹ wá ní 20, igi ọjọ́ kejì yìí yóò sì jẹ́ bí ìdajì ti àkọ́kọ́.

Ní ilé tèmi, pọ́n-ùn 60 ni mo ń jó lójúmọ́ nígbà tí òtútù mú jù. Ọjọ́ 90 oṣù Kejìlá títí dé oṣù Kejì gba 5,400; nǹkan bí ọjọ́ 108 tí ó ṣáájú tí ó sì tẹ̀ lé e, ní 30 lójúmọ́, gba 3,240. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 8,640, èyí tí í ṣe kọ́ọ̀dù óákù 2 àbọ̀. Bí ó bá jẹ́ páìnì ni, kọ́ọ̀dù 4 ni yóò gbà, èyí tí yóò sì ṣẹ́ kù kò ní pọ̀. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ: kọ́ọ̀dù óákù 3 ni mo ń tò.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe tìtorí kí igi lè pẹ́ pa afẹ́fẹ́ mọ́ iná lẹ́nu. Iná tí kò rí èémí mí a máa fi ọ̀dà dúdú lẹ inú ọ̀pá èéfín, ọjọ́ tí ọ̀dà náà bá sì gbiná, gbogbo ilé ni ó wà nínú ewu. Ẹ jẹ́ kí a máa gbá ọ̀pá náà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ó kéré tán. Ẹni tí ó da eérú ni eérú ń tọ̀: inú garawa onírin tí ó ní ìdérí ni kí ẹ kó o sí, kí ẹ gbé e síta, jìnnà sí ilé, nítorí ẹyín iná lè wà láàyè nínú eérú fún ọjọ́ mélòó kan.

Àwọn àgbẹ̀ New England, agbègbè tí Maine wà nínú rẹ̀, ní ọ̀rọ̀ tiwọn pé, tí ó bá di ọjọ́ 2 oṣù Kejì, ìdajì igi àti ìdajì koríko ẹran ni ó yẹ kí ó ṣì wà nílẹ̀. Ojúmọmọ ti ń gùn sí i nígbà náà, ó sì ń tan ènìyàn jẹ pé òtútù ti ń lọ. Ní ọjọ́ yẹn lọ́dún tó kọjá, mo wọ bàtà yìnyín lọ sí abẹ́ àtíbàbà. Ìlà 9 ni mo tò síbẹ̀ ní oṣù Kẹwàá. Odidi 4 ni mo bá, ìkarùn-ún sì ti lọ sílẹ̀ dé ìdajì. Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo kó ẹ̀là óákù mẹ́ta sí apá, mo sì padà wọlé.