Àbúrò Mi, Gba Díẹ̀ Nínú Ọ́ìlì Yẹn Kí Wọ́n Tó Dà Á Nù

Àbúrò mi, o kú oríire ọkọ̀ tuntun! Bí ẹ bá jù mí lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fojú fo "àbúrò" tí mò ń pè yín. Bí mo ṣe ń bá àwọn tèmi sọ̀rọ̀ nínú ilé ni mo fẹ́ fi sọ ti òní.

Mo mọ̀ pé Toyota Sienna ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń rà níhìn-ín ní Amẹ́ríkà. Ọmọ ń pọ̀ sí i, ìyá ń bọ̀ láti Ìbàdàn wá bá wa wẹ ọmọ, ẹrù ṣọ́ọ̀ṣì wà, kúlà òde ìnáwó wà. Láti Sienna ti ọdún 2021 ni Toyota kò ti ṣe èyí tí kì í ṣe hybrid mọ́ fún wa níbí. Camry náà tẹ̀ lé e pẹ̀lú ti 2025. Nítorí náà, kódà ẹni tí kò wá hybrid lọ sọ́jà ti di oní-hybrid.

Ẹ́ńjìnnì àti bátìrì ló jọ ń pín iṣẹ́ ṣe nínú ọkọ̀ hybrid. Kì í jẹ epo púpọ̀, kì í sì í pariwo. Ohun tí mo fẹ́ kí o máa ṣe fún un kò le rárá: nígbàkúùgbà tí o bá fẹ́ pààrọ̀ ọ́ìlì, gba ìgò kékeré kan nínú èyí tó ti ṣiṣẹ́, kí o fi ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò. Wọ́n á kọ̀wé padà sí ọ, wọ́n á sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo jẹ́wọ́ fún ọ, ọjọ́ tí èsì tèmi bá wọlé, n kì í gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ń sọ títí màá fi kà á tán.

O mọ bí mẹkáníìkì wa nílé ṣe máa ń fa géèjì yọ, tí á fi àtàǹpàkò ra ọ́ìlì mọ́ ìka, tí á ní, "Màdáámù, ó ti dúdú o, ó ti jóná." Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ọwọ́ wọn mọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n àwọ̀ kò lè sọ fún ọ bóyá bẹntiróòlù ti dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì, tàbí bóyá omi rédíétọ̀ ń jò wọ inú rẹ̀. Ọ́ìlì dúdú lè ṣì wúlò dáadáa, èyí tó mọ́ lójú sì lè ti ṣàn jù.

Níbo ni wọ́n ti ń ṣe é? Èyí tí àwọn onímọ́tò mọ̀ jù ni Blackstone Laboratories ní Fort Wayne, ní ìpínlẹ̀ Indiana. Béèrè ìgò lọ́wọ́ wọn, wọ́n á fi òfìfo ránṣẹ́ sí ọ lọ́fẹ̀ẹ́, ìgbà tí o bá dá a padà fún àyẹ̀wò lo tó máa sanwó. Owó náà kò tó owó tí o ń san láti di irun. Wọ́n á bi ọ́ bóyá o fẹ́ kí wọ́n tún wo iye agbára tó ṣẹ́ kù fún ọ́ìlì láti pa ásíìdì, ìyẹn TBN, owó ọ̀tọ̀ sì ni. Bí o bá ń pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò, fi owó yẹn sápò. Ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá òun lè lo ọ́ìlì kan pẹ́ sí i ni TBN wúlò fún.

Ó wá ku bí o ṣe máa bù ú. Ibí ni mo ti fẹ́ kí o fara balẹ̀, nítorí ìgò tó dọ̀tí á ba gbogbo èsì jẹ́.

Wa ọkọ̀ náà dáadáa kí ọ́ìlì lè gbóná, kí ohun tó wà nísàlẹ̀ lè pò mọ́ tòkè. Lẹ́yìn náà, pa á pátápátá, kí o gbé kọ́kọ́rọ́ lọ sínú ilé, jìnnà sí ọkọ̀. Má fojú kéré èyí: bí iná READY bá ṣì ń tàn, ẹ́ńjìnnì hybrid lè dédé ṣáná fúnra rẹ̀ nígbà tí ọwọ́ ẹnìkan wà nínú rẹ̀. Wáyà aláwọ̀ ọsàn tí o bá rí, má fọwọ́ kàn án, iná tó lè pa èèyàn ló ń gba inú rẹ̀ kọjá.

Bí wọ́n bá tú nọ́ọ̀tì ìdí ẹ́ńjìnnì, jẹ́ kí ọ́ìlì kọ́kọ́ dà díẹ̀ sínú abọ́. Èyí tó kọ́kọ́ jáde ló ń gbá ìdọ̀tí ẹnu ihò lọ. Nígbà tó bá ti ń ṣàn geere, ti ìgò rẹ sábẹ́ rẹ̀, kí o sì yọ ọ́ kí ó tó di pé ó ń kán tó-tó-tó. Má bù ú látinú abọ́ tí wọ́n ti ń da ọ́ìlì oríṣiríṣi sí o. Wọ ìbọ̀wọ́, nítorí ọ́ìlì gbígbóná ń jó èèyàn, èyí tó ti ṣiṣẹ́ kò sì dára fún awọ ara. Dé ìgò náà pinpin, nù ún, kí o kọ nǹkan sára rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Kí lo máa kọ? Iye máìlì tó wà lójú ọkọ̀, iye máìlì tí ọ́ìlì yìí nìkan ti rìn, orúkọ ọ́ìlì àti nọ́ḿbà rẹ̀, àti bóyá o ti bu kún un láàárín. Láìsí máìlì ọ́ìlì, èsì náà kò ní ìtumọ̀, torí irin tó pọ̀ fún 3,000 máìlì lè máà jẹ́ nǹkankan fún 10,000.

Bí ilé iṣẹ́ tó ta ọkọ̀ fún ọ ló ń pààrọ̀ ọ́ìlì, kò burú rárá. Toyota máa ń ṣe ìtọ́jú àkọ́kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọdún 2 tàbí 25,000 máìlì, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Sọ fún wọn láti orí fóònù pé o ní ìgò tí o fẹ́ kí wọ́n bá ọ bu ọ́ìlì sí, kí o sì fi lé ẹni tó máa wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ́wọ́. Fi ẹ̀rín sí i. Àwọn kan á kọ̀, ọ̀pọ̀ á ṣe é.

Ọ̀rọ̀ gan-an rèé, àbúrò mi. Èsì àkọ́kọ́ máa dẹ́rù bà ọ́. Iron á pọ̀, bàbà á pọ̀, alumíníọ̀mù náà á yọjú, silicon á sì ga. Má sunkún, má pe lọ́yà. Ẹ́ńjìnnì tuntun ni. Àwọn ẹ̀yà rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ra mọ́ ara wọn ni, wọ́n sì ń dán ara wọn. Silicon yẹn, láti inú gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ ẹ́ńjìnnì pọ̀ ní ilé iṣẹ́ ló ti sábà máa ń wá. Ohun tí o ń wá ni pé kí gbogbo wọn máa lọ sílẹ̀ ní ìpààrọ̀ kejì, kí wọ́n tún lọ sílẹ̀ ní ìkẹta. Èsì kan ṣoṣo kò sọ nǹkan púpọ̀. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọ́n tẹ̀ léra lo máa fi mọ irú ẹni tí ọkọ̀ rẹ jẹ́.

Níbi tí irin ti ń wá kò ṣòro láti rántí. Iron ń wá láti ara ògiri sílíńdà àti ṣéènì. Alumíníọ̀mù ń ti ara písítìnnì wá, chromium láti ara ríìngì. Bàbà, òjé àti tánganran, bẹ́ríìnnì ni kí o kọ́kọ́ fura sí. Bí silicon bá tún gbérí lẹ́yìn tó ti lọ sílẹ̀, tí iron àti alumíníọ̀mù sì bá a gòkè, eruku ló ń wọlé: lọ wo fílítà afẹ́fẹ́, bóyá wọn kò tì í dáadáa. Sodium àti potassium tó bá ṣàdédé pọ̀ lè jẹ́ omi rédíétọ̀, ìyẹn ni kí o má fi falẹ̀. Ti molybdenum, calcium, zinc àti phosphorus, fi wọ́n sílẹ̀, àwọn tó ṣe ọ́ìlì ló fi wọ́n sí i fún ire ẹ́ńjìnnì rẹ.

Ṣùgbọ́n nínú hybrid, irin kọ́ ni mo kọ́kọ́ ń wò. Bẹntiróòlù àti omi ni.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ẹ́ńjìnnì rẹ ń ṣáná, ó ń kú, ó tún ń ṣáná, láti ilé dé ilé ìwé àwọn ọmọ. Omi rédíétọ̀ tètè máa ń gbóná, ọ́ìlì kì í tètè gbóná bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, díẹ̀ nínú bẹntiróòlù tó ń fọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri sílíńdà, á yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ríìngì sọ̀ kalẹ̀ sínú ọ́ìlì. Omi tó ń ti inú iná jáde náà á tẹ̀ lé e. Ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ pẹ́ títí á fi ooru lé àwọn méjèèjì jáde. Ẹ́ńjìnnì tó ń kú sí gbogbo ojú iná títì kò ráyè ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ìgbà òtútù, ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, kí o wo abẹ́ rẹ̀. O lè rí nǹkan funfun tó ki bí ògì tí kò jiná. Bó bá jẹ́ abẹ́ ìdérí nìkan ló wà, tí omi rédíétọ̀ kò sì dín, òtútù àti ìrìn kúkúrú ló fà á.

Nínú èsì rẹ, wá ibi tí wọ́n kọ fuel sí. Blackstone fẹ́ kó wà lábẹ́ 2%. Lẹ́yìn náà, wo bí ọ́ìlì ṣe ki tó ní 100°C. 0W-16 ni ìwé Sienna ní kí o lò, ó sì yẹ kí ọ́ìlì 0W-16 wà láàárín 6.1 sí 8.2 cSt. Bí 0W-20 lo lò, 6.9 sí 9.3 ni. Bẹntiróòlù ló sábà máa ń jẹ́ kó ṣàn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí bẹntiróòlù inú ọ́ìlì bá pọ̀ jù ńkọ́? Ọgbọ́n tèmi rèé, mo sì fọwọ́ sọ̀yà fún un: máa gbé ọkọ̀ náà jáde sí òpópónà ńlá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ìdajì wákàtí láìdúró. Kó gbogbo iṣẹ́ ọjà, ilé ìfìwéránṣẹ́ àti ilé ẹbí jọ sí ìrìn kan ṣoṣo. Kí o sì dín àkókò ìpààrọ̀ kù. Toyota ní 10,000 máìlì tàbí ọdún kan fún ẹni tí ìrìn rẹ̀ rọrùn, 5,000 máìlì fún ẹni tí tirẹ̀ le. Ìrìn kúkúrú nínú òtútù wà lára èyí tó le. Èmi kì í kọjá 5,000, mi ò sì rí ìdí tí màá fi kọjá rẹ̀.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn èèyàn kì í rò. Máìlì tó wà lójú ọkọ̀ hybrid kì í ṣe ti ẹ́ńjìnnì nìkan, bátìrì ti bá a rìn nínú rẹ̀. Nítorí náà, má gbé èsì rẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọ̀rẹ́ rẹ tó ń wa láti Maryland lọ sí New Jersey ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Ti ọkọ̀ rẹ àná ni kí o fi wé ti ọkọ̀ rẹ òní.

Ìwọ tó ń múra láti fi ọkọ̀ ránṣẹ́ sí Èkó lẹ́yìn ọdún díẹ̀, di gbogbo èsì yìí sínú fáìlì kan kí ó bá ọkọ̀ lọ. Kí o sì bá mẹkáníìkì ibẹ̀ sọ̀rọ̀ tààrà. Ọ́ìlì 20W-50 tí wọ́n ń tà káàkiri kì í ṣe ti ẹ́ńjìnnì yìí, ó ki jù fún un. Nínú ọyẹ́, kí wọ́n máa wo fílítà afẹ́fẹ́ léraléra, torí eruku Sàhárà kò mọ ọkọ̀ tuntun yàtọ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé àyẹ̀wò yìí á ba wáráńtì rẹ jẹ́, kì í ṣe òótọ́. Láti 1975 ni òfin Magnuson-Moss ti wà ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ kò lè fi dandan mú ọ pé ọ̀dọ̀ wọn nìkan ni kí o ti máa sanwó ìtọ́jú kí wáráńtì tó dúró. Ṣá tọ́jú rìsíìtì rẹ, kí o sì máa tẹ̀ lé ohun tí ìwé ọkọ̀ wí.

Bí ọkọ̀ rẹ kò bá tíì ṣe ìpààrọ̀ ọ́ìlì àkọ́kọ́, jọ̀wọ́, béèrè ìgò náà lọ́sẹ̀ yìí. Ọ́ìlì tí wọ́n dà sí i ní ilé iṣẹ́ nìkan ló lè fi hàn ọ́ ibi tí ẹ́ńjìnnì rẹ ti bẹ̀rẹ̀, bí wọ́n bá sì ti dà á nù, kò sí ibi tí o ti lè rí i gbà mọ́.